Ètò kámẹ́rà fún àwòrán oge: ṣé ojú ni a ó tẹ̀ lé ni, àbí aṣọ?

Akẹ́kọ̀ọ́Fọ́tò

Ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ yìí, mo kí yín o. Àwòrán ojú ni mo ti ń yà láti ẹ̀yìn wá, láti orí dé àyà, pẹ̀lú lẹ́ńsì 85mm tí mo máa ń ṣí aperture rẹ̀, ìyẹn ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọ inú rẹ̀, sí f/1.8 kí ohun tó wà lẹ́yìn lè di bàìbàì. Ní báyìí, aránṣọ kan ti gbé iṣẹ́ fún mi pé kí n máa ya àwọn aṣọ òun lódindi lára ènìyàn, nínú sitúdíò tó ní iná fíláàṣì méjì, kí a sì máa jáde síta nígbà mìíràn.

Ohun mẹ́ta ni kò yé mi. Ojú ẹni tó wọ aṣọ máa ń mọ́ kedere, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọnà tó wà létí apá aṣọ àti ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í hàn dáadáa. Aṣọ kan náà tún máa ń ní àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú àwọn àwòrán tí mo yà tẹ̀ léra wọn. Paríparí rẹ̀, nígbàkúùgbà tí mo bá mú shutter (ilẹ̀kùn inú kámẹ́rà tó ń ṣí tó sì ń tì) yára sí i, ìlà dúdú kan máa ń bo ẹ̀gbẹ́ kan àwòrán. Mo ti ka oríṣiríṣi ìmọ̀ràn, oníkálukú ló sì ń sọ nọ́ńbà tirẹ̀. Ṣé nọ́ńbà kan wà tí ènìyàn lè fi sórí kámẹ́rà kó sì fọkàn balẹ̀?

ÀgbàLẹ́ńsì

Àbúrò, kò sí nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá sọ nọ́ńbà fún ọ láì béèrè irú aṣọ tí o fẹ́ yà dà bí ẹni tó fún ọ lóògùn láì béèrè ibi tó ń dùn ọ́. Nínú àwòrán ojú, ẹyinjú ni gbogbo wa ń wá. Bí ẹyinjú bá ti mọ́, ìyókù lè di bàìbàì kí ó má sì bí ẹnikẹ́ni nínú. Nínú àwòrán oge, aṣọ ni wọ́n fẹ́ rí: bí wọ́n ṣe rán an, bí ó ṣe bá ara mu, bí òwú inú rẹ̀ ṣe hun mọ́ra. Nítorí náà, aṣọ ni kí o jẹ́ kó pàṣẹ fún aperture (bí nọ́ńbà f bá ṣe ń tóbi sí i ni ihò náà ń kéré sí i), kí o tó ronú kan ohun mìíràn.

Jẹ́ kí a fi ìṣirò yẹ̀ ẹ́ wò. Lórí kámẹ́rà tí sensor rẹ̀, ìyẹn ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú rẹ̀, jẹ́ mìlímítà 36 sí 24, bí o bá dúró ní mítà 2 sí ènìyàn pẹ̀lú lẹ́ńsì 85mm rẹ, tí o sì ṣí i sí f/1.8, ohun tó máa mọ́ kedere láti iwájú sẹ́yìn kò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 6 lọ. Ẹyinjú àti imú ti ná an tán. Bí o bá sún sẹ́yìn dé nǹkan bíi mítà 5 kí ènìyàn lè wọ inú àwòrán lódindi, ìwọ̀n náà yóò di bíi sẹ̀ǹtímítà 37, èyí tí ó lè tó fún ẹni tó dúró gbọn-in, ṣùgbọ́n bí ẹni náà bá na apá síwájú, tàbí tí ìsàlẹ̀ aṣọ rẹ̀ bá fẹ̀ tó sì tú ká sílẹ̀, apá kan aṣọ ti jáde kúrò nínú ibi tó mọ́ nìyẹn. Níbi kan náà, bí o bá ti aperture sí f/8, ìwọ̀n náà yóò ju mítà kan ààbọ̀ lọ. Àlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí iṣẹ́ ọnà etí apá aṣọ rẹ nìyẹn.

Kí o sì mọ̀ pé ìṣirò yìí wà fún ẹni tó ń wo àwòrán ní ìwọ̀n tó wọ́pọ̀. Aránṣọ tó bá fi ìka méjì fa àwòrán náà gbòòrò lórí fóònù láti wo ojú abẹ́rẹ́ yóò rí i pé ibi tó mọ́ gan-an kéré ju bí mo ṣe sọ ọ́ lọ. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń bẹ̀rẹ̀ láti f/8 nínú sitúdíò, tí mo sì máa ń sún un lọ sí f/11 bí aṣọ bá fẹ̀, tàbí kí n dá a padà sí f/5.6 bí aṣọ bá lẹ̀ mọ́ ara.

Má ṣe wá rò pé bí f/8 bá dára, f/22 ni yóò dára jù. Bí ihò lẹ́ńsì bá ti kéré jù, ìmọ́lẹ̀ máa ń tàn ká bí ó ṣe ń gba etí rẹ̀ kọjá, àwòrán náà yóò sì kú lójú látòkè délẹ̀. Lórí sensor tó ní megapixel púpọ̀, ènìyàn á ti máa rí i láti f/16, nígbà mìíràn kó tó débẹ̀ pàápàá.

ÒǹtanFíláàṣì

Ọ̀rọ̀ ìlà dúdú ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Shutter inú kámẹ́rà rẹ ní ìkélé méjì tó ń sáré tẹ̀ léra wọn níwájú sensor; àkọ́kọ́ ń ṣí, èkejì ń tì. Bí o bá lo 1/125 ìṣẹ́jú àáyá, ìgbà kan wà tí àkọ́kọ́ ti ṣí tán tí èkejì kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ sí í tì, tí sensor wà ní ìhòòhò pátápátá, ìgbà náà gan-an sì ni fíláàṣì máa ń kọ yẹ̀rì. Bí o bá mú un lọ sí 1/500, ìkélé kejì yóò ti gbéra kí àkọ́kọ́ tó dé òpin, tó fi jẹ́ pé àlàfo tóóró ni ó ń rìn kọjá lójú sensor. Apá tí ìkélé ti bò nígbà tí fíláàṣì tàn ni ìlà dúdú tí ò ń rí. Ìdí tó fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni pé o yí kámẹ́rà sórí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ènìyàn lè wọlé tán; bí o bá gbé e padà sí ìdúró rẹ̀, ìsàlẹ̀ ni ìlà náà yóò bọ́ sí.

Ìyára tó ga jù lọ tí sensor ṣì fi lè wà ní ìhòòhò pátápátá ni wọ́n ń pè ní sync speed. Lórí ọ̀pọ̀ kámẹ́rà, 1/200 tàbí 1/250 ni, ìwé tó bá kámẹ́rà rẹ wá yóò sọ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá ń fi ẹ̀rọ aláìlókùn rán fíláàṣì níṣẹ́, iṣẹ́ náà lè pẹ́ díẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, nítorí náà 1/160 tàbí 1/125 ni kí o fi sí kí ọkàn rẹ lè balẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ṣe ìdánwò yìí kí o tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: fi kámẹ́rà sí ISO 100 (ISO ni ìwọ̀n bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ sí), f/8 àti 1/160, pa fíláàṣì méjèèjì, kí o sì ya àwòrán kan. Dúdú kirimú ni ó yẹ kó jáde. Bí ohunkóhun bá hàn níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ mìíràn ń bá ọ dá sí iṣẹ́ rẹ nìyẹn, bóyá ti fèrèsé tàbí ti gílóòbù òkè àjà, ìmọ́lẹ̀ yẹn sì ni yóò máa yí àwọ̀ aṣọ rẹ padà láìjẹ́ pé o fura.

Akẹ́kọ̀ọ́Fọ́tò

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ṣe ìdánwò náà, òjìji ènìyàn hàn níbẹ̀ díẹ̀, fèrèsé ló fà á, mo sì ti bò ó. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mìíràn ti dìde. Aránṣọ náà fẹ́ kí aṣọ máa fò nígbà tí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá yí bírí. Bí mi ò bá lè kọjá 1/160, ṣé aṣọ kò ní dà rú lójú ni?

ÒǹtanFíláàṣì

Kò ní dà rú, bí o bá ti pa gbogbo ìmọ́lẹ̀ yòókù. Nínú yàrá tó ṣókùnkùn fún kámẹ́rà, fíláàṣì fúnra rẹ̀ ni shutter rẹ, nítorí pé ìwọ̀nba ìgbà tó fi tàn ni sensor fi rí nǹkan. Fíláàṣì kékeré tí wọ́n ń fi sórí kámẹ́rà, bí o bá dín agbára rẹ̀ kù sí 1/16, ìgbà tó fi ń tàn lè kúrú dé bíi 1/5000 ìṣẹ́jú àáyá tàbí kó tilẹ̀ kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn yóò dá etí aṣọ dúró lójú òfuurufú.

Àwọn iná ńlá sitúdíò ni kí o ṣọ́ra fún. Òmíràn nínú wọn máa ń gé ìmọ́lẹ̀ kúrú bí o bá dín agbára rẹ̀ kù, èyí dára. Òmíràn sì wà tó jẹ́ pé bí o bá ṣe ń dín agbára rẹ̀ kù ni ìgbà tó fi ń tàn ń gùn sí i. Nígbà tí o bá ń ka ohun tí olùṣe kọ sára páálí, wò ó bóyá t0.5 ni wọ́n kọ tàbí t0.1. T0.5 jẹ́ ìwọ̀n ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ fi wà lókè ìdajì agbára rẹ̀, ó sì máa ń mú kí fíláàṣì dà bí ẹni pé ó yára ju bó ṣe rí lọ. T0.1 ni ó sún mọ́ ohun tí ojú yóò rí nínú àwòrán, ó sì máa ń tó ìlọ́po mẹ́ta t0.5 lára ọ̀pọ̀ fíláàṣì àtijọ́. Nítorí náà, bí wọ́n bá kọ 1/900 tí wọ́n ní t0.5 ni, ka á sí 1/300, aṣọ tó ń fò á sì sá mọ́ ọn lójú díẹ̀.

Aláró

Mo fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ àwọ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ́ sílẹ̀ jù láàárín ayàwòrán àti ẹni tó rán aṣọ. Ẹni tó ra aṣọ pupa tó sì rí àwọ̀ ọsàn nígbà tó dé ọwọ́ rẹ̀ kò ní bá kámẹ́rà wí.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí o kúrò lórí white balance aládàáṣe, ìyẹn ètò tí kámẹ́rà fi ń fúnra rẹ̀ tún àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ṣe. Kámẹ́rà máa ń wo gbogbo ohun tó wà nínú àwòrán, ó sì máa ń gbìyànjú láti sọ wọ́n di déédéé. Bí aṣọ pupa bá gba ìdajì àwòrán, yóò rò pé ìmọ́lẹ̀ ni ó pọ́n, yóò sì fi àwọ̀ mìíràn tú u ká. Bí ẹni náà bá yí ẹ̀yìn padà tí ògiri bá wá pọ̀ sí i nínú àwòrán, ìpinnu mìíràn ni yóò tún ṣe. Ohun tó fà á tí aṣọ kan fi ní àwọ̀ oríṣiríṣi lọ́wọ́ rẹ nìyẹn. Fi nọ́ńbà sí i fúnra rẹ: fíláàṣì wà ní nǹkan bíi 5500 Kelvin (ìwọ̀n àwọ̀ ìmọ́lẹ̀), gílóòbù olókùn àtijọ́ tí wọ́n ń lò ní sitúdíò sì wà ní bíi 3200. Lẹ́yìn náà, jẹ́ kí ẹni tó wọ aṣọ gbé káàdì aláwọ̀ eérú dání nínú àwòrán àkọ́kọ́, kí o sì fi RAW (fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe) yà á, kí o lè fi káàdì náà ṣe ìwọ̀n fún gbogbo ìyókù lórí kọ̀ǹpútà. Bí o bá yí iná padà, tàbí tí o sún un, gbé káàdì náà jáde lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í ṣe èyí, tí wọ́n á sì máa fi ìrọ̀lẹ́ gbáko tún àwọ̀ ṣe.

Àwọn aṣọ kan sì wà tí káàdì kò ní gbà là. Ọ̀pọ̀ aṣọ funfun ni wọ́n ti fi èròjà amúfunfun sí, èyí tó ń gba ìtànṣán tí ojú kò lè rí tó sì ń dá a padà gẹ́gẹ́ bí búlúù. Lábẹ́ fíláàṣì tí gíláàsì rẹ̀ kò ní ohun tó ń dí ìtànṣán yẹn, aṣọ náà yóò fẹ́ pọ́n aró, nígbà tí ojú àti ọwọ́ ẹni tó wọ̀ ọ́ yóò rí bó ṣe yẹ. Lódì kejì, àwọn aṣọ dúdú kan tí wọ́n fi òwú àtọwọ́dá ṣe máa ń dá ìtànṣán infrared, tí ojú kò lè rí òun náà, padà gan-an. Bí kámẹ́rà kò bá dí i dáadáa, dúdú á di àwọ̀ èsè àlùkò. Leica M8 tó jáde lọ́dún 2006 lòkìkí rẹ̀ kàn jù lórí ọ̀rọ̀ yìí, débi pé ilé iṣẹ́ náà ní láti fún àwọn tó rà á ní gíláàsì àsẹ́ tí wọn yóò máa dè mọ́ iwájú lẹ́ńsì. Àwọn kámẹ́rà òde òní sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, síbẹ̀ bí o bá rí kóòtù àti ṣòkòtò tó yẹ kó dúdú bákan náà, tí ọ̀kan ń pọ́n díẹ̀, má kọ́kọ́ bá aránṣọ jà.

Nígbà tí o bá ti parí, fi sRGB (ètò àwọ̀ tó wọ́pọ̀ jù lórí íntánẹ́ẹ̀tì) gbé àwòrán tó ń lọ síbẹ̀ jáde. Bí o bá fi Adobe RGB, ètò àwọ̀ mìíràn tó gbòòrò ju ìyẹn lọ, ránṣẹ́ tí ohun tí wọ́n fi ń wò ó kò sì mọ̀ ọ́n, gbogbo àwọ̀ yóò ṣá.

Òjìji

Ẹ má bínú sí mi o, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ ń sọ láti òkè wá jọ bí a ṣe ń ya àwòrán fún ìwé ọjà. F/8, 1/160, ISO 100, káàdì aláwọ̀ eérú! Oge kì í ṣe aṣọ nìkan. Bí ara ṣe ń rí lára aṣọ náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí mo bá ń ya àwòrán fún ìwé ìròyìn, mo lè fi shutter sí 1/15, kí n jẹ́ kí iná tó wà nínú yàrá ya ipa ìrìn aṣọ bí ìlà tó ń sá, kí fíláàṣì sì kọ yẹ̀rì ní ìparí láti dá ojú dúró. Kámẹ́rà ní ètò fún un, òun ni wọ́n ń pè ní rear curtain sync. Nípa bẹ́ẹ̀, ìlà tó ń sá á wà lẹ́yìn ìrìn náà, kò ní ṣáájú rẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, f/1.8 tí àbúrò wa ń lò gan-an ni mo fẹ́, kí ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn bọ́tìnnì mọ́, kí gbogbo ìyókù sì di èéfín. Ta ló ní kò dára?

ÀgbàLẹ́ńsì

Kò sẹ́ni tó ní kò dára, Òjìji. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ìwọ mọ ohun tí o fi sílẹ̀ kí o tó fi í sílẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ rẹ méjèèjì, aṣọ náà ló ṣì ń pàṣẹ: ọ̀kan fẹ́ kí a rí bó ṣe ń rìn, èkejì fẹ́ kí a rí bọ́tìnnì rẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún àbúrò ni pé kí ènìyàn rí aṣọ kó sì rà á. Bí ó bá ti ya èyí tí wọ́n fi máa tajà tán, kó wá fi 1/15 ṣe eré. Mo tilẹ̀ máa ń gba àwọn tó bá gbéṣẹ́ fún mi níyànjú pé kí wọ́n jẹ́ kí n ya díẹ̀ bẹ́ẹ̀ níparí, nítorí pé òun ni wọ́n sábà máa ń fi sójú ìwé àkọ́kọ́.

Abẹ́rẹ́Wúrà

Ẹ jọ̀ọ́, aránṣọ ni èmi, n kò mọ̀ nípa kámẹ́rà, ṣùgbọ́n mo ń ka ọ̀rọ̀ yín nítorí pé àwọn tó ń ya àwòrán fún mi kì í sọ ìdí nǹkan. Kí ló dé tí léèsì funfun mi máa ń di bébà funfun lásán, tí àrán dúdú mi sì máa ń di ihò, tí a kò ní rí ibi tí apá ti bẹ̀rẹ̀? Èkejì, aṣọ kan tí ìlà inú rẹ̀ wẹ́ gan-an máa ń ní àwọ̀ bí òṣùmàrè tó ń yí kiri lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan bẹ́ẹ̀ lára aṣọ náà. Ayàwòrán náà ní aṣọ mi ló fà á.

Aláró

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Èyí àkọ́kọ́ rọrùn láti ṣàlàyé. Ohun tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà máa ń gbà pé gbogbo ohun tó bá rí jẹ́ àwọ̀ eérú tó wà láàárín dúdú àti funfun. Bí ó bá rí léèsì funfun, yóò sọ ọ́ di eérú. Bí ó bá rí àrán dúdú, yóò sọ òun náà di eérú. Ayàwòrán tó bá mọ̀ yóò wá fi stop kan (ìyẹn ìlọ́po méjì ìmọ́lẹ̀; bí a bá yọ ọ́, ìdajì ni) sí ọ̀kan àti ààbọ̀ kún ti funfun, yóò sì yọ tó stop kan kúrò lára ti dúdú. Bí ó bá fi kún un jù ni funfun máa ń jóná, tí ihò léèsì àti òwú rẹ̀ á di ọ̀kan náà. Bí ó bá sì yọ jù, tàbí tó jẹ́ pé iwájú gan-an ni ìmọ́lẹ̀ ti wá, àrán á di ihò bí ẹ ṣe sọ. Àrán nílò iná láti ẹ̀gbẹ́ tàbí láti ẹ̀yìn díẹ̀, kí etí irun rẹ̀ lè gba ìmọ́lẹ̀, kí apá lè yà kúrò lára àyà. Kò sí nọ́ńbà kankan lórí kámẹ́rà tó lè ṣe iṣẹ́ yẹn.

Nínú sitúdíò tó ń lo fíláàṣì, ohun tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà kì í rí fíláàṣì ńlá rárá, nítorí náà ẹ̀rọ ìwọn-ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n ń mú lọ́wọ́, tàbí histogram, ìyẹn àwòrán kékeré tó ń fi bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pín sí hàn, ni ayàwòrán yóò gbára lé. Ẹ jẹ́ kí ó ṣí histogram aláwọ̀ mẹ́ta. Èyí tó jẹ́ funfun nìkan lè sọ pé gbogbo nǹkan wà létòlétò nígbà tí aṣọ pupa tó rinlẹ̀ ti jóná nínú àwọ̀ pupa nìkan, tí ìṣẹ́po inú rẹ̀ sì ti pòórá. Mo ti rí i lára pupa àti àwọ̀ ọsàn jù.

ÀgbàLẹ́ńsì

Ìyá wa, ẹ̀bi aṣọ yín kọ́. Moiré ni orúkọ ohun tí ẹ rí. Sensor kún fún ojú kéékèèké tó tò ní ìlà gbọọrọ. Bí ìlà aṣọ bá wẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí òun àti ìlà sensor fẹ́rẹ̀ẹ́ bára dọ́gba, àwọn méjèèjì á máa forí gbárí, kámẹ́rà á sì máa rí ìlà àti àwọ̀ tí kò sí níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ní gíláàsì kan níwájú sensor tó ń mú àwòrán rọ̀ díẹ̀ kí èyí má bàa ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn olùṣe ti ń yọ ọ́ kúrò kí àwòrán lè mú sí i. Lọ́dún 2012, Nikon gbé D800 àti D800E jáde papọ̀, wọ́n sì pa agbára gíláàsì yẹn rẹ́ lára D800E. Àwọn tó ń ya aṣọ ló kọ́kọ́ mọ̀ pé mímú yẹn ní owó tó ń ná wọn.

Ohun tí ayàwòrán yóò ṣe ni pé kí ó yí bí ìlà aṣọ ṣe tóbi sí lójú sensor padà: kó rìn síwájú tàbí sẹ́yìn díẹ̀, kó sún lẹ́ńsì, tàbí kí ẹni tó wọ aṣọ yí ara díẹ̀. Ìṣísẹ̀ kan sábà máa ń tó. Bí kò bá lọ, ibí yìí nìkan ni mo ti máa ń sọ pé kí wọ́n lọ sí f/16, kí rírọ̀ tí mo kìlọ̀ nípa rẹ̀ lókè lè wá ṣe wá lóore. Kó tó pinnu, kí ó wo àwòrán náà ní ìwọ̀n 100% lórí kọ̀ǹpútà, nítorí pé ojú kékeré ẹ̀yìn kámẹ́rà lè fúnra rẹ̀ dá moiré tí kò sí nínú àwòrán sílẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́Fọ́tò

Ọ̀rọ̀ yìí ti wá kọjá ohun tí mo retí, mo dúpẹ́. Ẹ jẹ́ kí n béèrè ti ìta. A fẹ́ ya aṣọ lójú oòrùn gangan, aránṣọ náà sì fẹ́ kí ẹ̀yìn di bàìbàì, èyí túmọ̀ sí f/2.8. Fíláàṣì kan ni mo lè gbé dání. Àti pé ní ìparí oṣù, wọ́n ń ṣe àfihàn aṣọ nínú gbọ̀ngàn, wọn ò sì gba fíláàṣì níbẹ̀.

ÒǹtanFíláàṣì

Ti oòrùn kọ́kọ́. Lójú oòrùn gangan, ISO 100 pẹ̀lú f/16 àti 1/100 máa ń bá ìmọ́lẹ̀ mu. Láti f/16 sí f/2.8 jẹ́ stop márùn-ún. Bí o bá fi shutter sí 1/200 kí fíláàṣì lè bá a rìn, o ti dá ọ̀kan padà, ó ku mẹ́rin tó máa jó àwòrán rẹ. Ọ̀nà méjì ló wà.

Èkíní ni gíláàsì ND, tó ń dín ìmọ́lẹ̀ kù. Ti stop mẹ́rin yóò mú oòrùn wá sí déédéé, ti márùn-ún yóò jẹ́ kí ẹ̀yìn ṣókùnkùn díẹ̀ kí aṣọ lè yọ síta. Ṣùgbọ́n gíláàsì náà kò mọ oòrùn yàtọ̀ sí fíláàṣì. Bí o bá fi ti márùn-ún sí i ní f/2.8, fíláàṣì rẹ yóò ní láti ṣiṣẹ́ bí ẹni pé f/16 ni o lò. Fíláàṣì kékeré kò lè ṣe é àfi bí o bá gbé e sún mọ́ ènìyàn gan-an. Èkejì ni high-speed sync, níbi tí fíláàṣì yóò ti máa tàn wìrìwìrì ní gbogbo ìgbà tí àlàfo ìkélé fi ń kọjá. O lè dé 1/3200, oòrùn á sì dín kù ní stop mẹ́rin, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú agbára fíláàṣì yóò ṣòfò, kò sì ní lè dá aṣọ tó ń fò dúró dáadáa bí fíláàṣì ẹ̀ẹ̀kan ṣe ń ṣe. Sony a9 III, tí wọ́n kéde lọ́dún 2023, kò ní wàhálà yìí nítorí pé gbogbo ojú sensor rẹ̀ ló ń ka ìmọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwa yòókù, ìboòji ni kí a wá. Mi ò ṣe àwàdà: bí aṣọ bá wà lábẹ́ ìboòji tí ẹ̀yìn náà sì wà lábẹ́ ìboòji, ìdajì ìṣirò yìí ti parí.

Ti gbọ̀ngàn wá. Ẹni tó ń rìn bọ̀ wá bá ọ nílò 1/500, ó kéré tán. Fi f/2.8 tàbí f/4 sí i, kí o sì jẹ́ kí ISO lọ sí ibi tó bá fẹ́ lọ, 1600 tàbí 3200, kódà 6400. Hóró-hóró lára àwòrán sàn ju etí aṣọ tó gbọ̀n lọ. Tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ẹsẹ̀ iwájú bá ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀, nítorí pé ìgbà yẹn ni aṣọ máa ń ṣí. Ohun tó lè ba tìrẹ jẹ́ níbẹ̀ ni iná LED. Níbi tí iná mànàmáná ti jẹ́ 50 Hz, ọ̀pọ̀ iná máa ń ṣẹ́jú nígbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Níbi tó bá jẹ́ 60 Hz, ìgbà 120 ni. Bí shutter rẹ bá yára jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwòrán kan á mọ́, èkejì á ṣókùnkùn, tàbí kí ìlà pọ́nmápọ̀n dábùú àwòrán. Wá ètò anti-flicker nínú kámẹ́rà rẹ, èyí tí Canon fi sínú 7D Mark II lọ́dún 2014 tó sì ti wọ́pọ̀ lónìí. Yóò máa dúró de ìgbà tí iná bá mọ́ jù kó tó ṣí. Má sì lo shutter ẹlẹ́tíróníìkì aláriwo-kékeré yẹn níbẹ̀, bí sensor rẹ kò bá yára, òun ló ń mú ìlà wá jù.

Akẹ́kọ̀ọ́Fọ́tò

Ó yé mi. Ọ̀kan péré ló kù: kámẹ́rà mi máa ń wá ẹyinjú fúnra rẹ̀ láti fi focus sí. Ṣé kí n pa á ni, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé aṣọ ni ọ̀gá?

ÀgbàLẹ́ńsì

Má pa á. Ènìyàn kì í dárí ji ojú tí kò mọ́, bó ti wù kí aṣọ mọ́ tó, àti pé ní f/8 láti mítà 5, bí ojú bá ti mọ́, aṣọ ti bá a wọlé. Ìgbà tí ó yẹ kí o gba focus lọ́wọ́ ẹyinjú ni ìgbà tí o bá sún mọ́ aṣọ láti ya ọrùn rẹ̀ tàbí iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀, tàbí nígbà tí ẹni náà bá kọ ẹ̀yìn sí ọ. Yan ojú kan ṣoṣo nígbà náà, kí o sì gbé e lé ibi tí aṣọ ti sún mọ́ ọ jù.

Ohun tó máa ń ba àwòrán odindi ènìyàn jẹ́ ju focus lọ ni gíga kámẹ́rà. O ti mọ́ra láti máa dúró kí lẹ́ńsì wà lọ́gbọọgba ojú, àṣà àwòrán ojú nìyẹn; bí o bá yà á bẹ́ẹ̀ lódindi, o ní láti dojú kámẹ́rà kọlẹ̀, ẹsẹ̀ á kúrú, aṣọ gígùn á sì dà bíi pé wọ́n gé e. Kúnlẹ̀, tàbí kí o rẹ ẹsẹ̀ tripod sílẹ̀, títí lẹ́ńsì yóò fi bá ìbàdí ẹni náà dọ́gba, kí ẹ̀yìn kámẹ́rà sì nàró bí ògiri. Fi okùn so kámẹ́rà mọ́ kọ̀ǹpútà, kí aránṣọ náà máa wo àwòrán bó ṣe ń wọlé. Yóò rí etí aṣọ tó ká sókè kí o tó rí i.